Òkúta Betsey létí adágún Winnipeg

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Winnipeg ló fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ti mú iná lọ ní Kubwa níbí, mo sì ń fi fóònù tanná fún Màámi kí wọ́n lè lo oògùn wọn. Òkúta sàréè funfun kan ni, wọ́n fi igi ṣọgbà yí i ká. "Àǹtí mi, ẹ fi han Màámi," bẹ́ẹ̀ ló kọ sábẹ́ rẹ̀.

Ìtòsí Riverton ni sàréè náà wà, ní Kánádà, lára àwọn abúlé tí àwọn ará Iceland tẹ̀ dó sétí adágún Winnipeg. Oṣù kẹwàá 1875 ni àwọn àkọ́kọ́ gúnlẹ̀, wọ́n lé ní 200. Òtútù ti ń wọlé bọ̀, kò sí ilé. Ọdún yẹn náà ni òkè Askja bú ní Iceland, eérú bo pápá tí àgùntàn ń jẹ̀, ni ogunlọ́gọ̀ mìíràn bá tún kó ẹrù tẹ̀ lé wọn lọ́dún kejì.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ní ẹni tó ni ín. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ti ń pẹja, wọ́n ti ń ṣọdẹ níbẹ̀. John Ramsay wà lára wọn. Ó kọ́kọ́ dènà àwọn àlejò, ó ní ilẹ̀ òun ni. Ìjọba gbè sẹ́yìn àlejò. Ọkùnrin yìí kan náà ló tún wá ń pa ẹran igbó wá fún wọn.

Ní 1876 ni olóde, ìyẹn àrùn ìgbóná, wọ àárín wọn. Nǹkan bí 100 ará Iceland ló bá a lọ, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Sandy Bar, níbi tí Ramsay ń gbé, sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Betsey, ìyàwó Ramsay, lọ. Ọkọ rẹ̀ wá òkúta mábù, ó gbé e wá sórí sàréè rẹ̀. Mábù olówó ńlá, láti ọwọ́ ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀! Lẹ́yìn ikú Ramsay, ará Iceland kan, Trausti Vigfusson, lálàá pé ó wá bá òun, ó ní kó bá òun tún ọgbà sàréè náà ṣe. Ó sì tún un ṣe.

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Màámi. Wọ́n dákẹ́ títí.

"Nígbà tiwa," wọ́n ní, "ẹni tí olóde bá mú lọ, a kì í sunkún rẹ̀. Inú igbó ni wọ́n ń gbé e lọ."

Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wọn ti lọ ta aṣọ ní Bussa. Ibẹ̀ ni olóde ti mú ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, igbó ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Nígbà tí wọ́n parí ìdídò Kainji ní 1968, omi bo Bussa àtijọ́, tòun tigbó. Nǹkan bí 44,000 èèyàn ló ṣí kúrò lágbègbè náà. Àwọn alààyè nìkan ni ilé tuntun wà fún. Ó ń dùn mí gan-an.

"Kí ni wọ́n ń pe ìyàwó náà?"

"Betsey, Màámi."

"Bẹ́tísì." Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wá pe orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò gbọ́ ọ rí.

Wọ́n ní kí n sọ fún àbúrò mi kó padà síbẹ̀, kó bá àwọn fọwọ́ kan òkúta náà. Ó ní Sátidé tó ń bọ̀ lòun máa lọ.