Lẹ́ńsì tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí

Lánàá ní Shinjuku, nílùú Tokyo, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ti ń ta ògbólógbòó kámẹ́rà. Lẹ́ńsì Nikkor 50mm kan (Nikkor ni orúkọ tí Nikon ń pe lẹ́ńsì rẹ̀) ló fà mí wọlé. Irin ni gbogbo ara rẹ̀, ó wúwo lọ́wọ́ bí ọmọ ọlọ.

Mo fi Nikon D3300 mi han bàbá oníṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní lẹ́ńsì tí wọ́n ṣe ṣáájú 1977 bí eléyìí lè ba ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó dé lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n tèmi á gbà á. Wọ́n fi lẹ́ńsì náà sẹ́nu kámẹ́rà mi, wọ́n yí i díẹ̀, ó dún pà! Ẹnu tó fi so mọ́ kámẹ́rà yẹn, láti 1959 ni Nikon ti ń lò ó o.

(Ìlú Tokyo yìí náà ni David Douglas Duncan, fọ́tógíráfà ará Amẹ́ríkà, ti dán Nikkor wò ní 1950, kó tó gbé e lọ sí ogun Korea.)

Pẹ̀lú lẹ́ńsì àtijọ́ yìí, kámẹ́rà mi ò lè bá mi wọn ìmọ́lẹ̀ mọ́, ọwọ́ ni mo fi ń yí ohun gbogbo. Fọ́tò mẹ́ta àkọ́kọ́ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìkẹrin ni ọwọ́ bàbá náà lórí káńtà: gbogbo ìlà àtẹ́lẹwọ́ wọn hàn kedere, ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ bí ìkùukùu. Mo wò ó títí, omi ń bọ̀ lójú mi.

Mo sanwó. Bí mo ṣe ń lọ, wọ́n tẹrí ba fún mi. Èmi náà tẹrí ba, mo tẹ̀ ju tiwọn lọ, torí àgbà ni wọ́n.