Fèrè ọdẹ àti ẹ̀dọ̀ gígé

Ilé-Ifẹ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìrọ̀lẹ́

Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá ni òwe yẹn dá lẹ́bi. Ajá tí a fẹ́ kọ́ lónìí ní Lágéré, kó lè máa wá bí a bá pè é, gbọ́ ìpè dáadáa: etí rẹ̀ méjèèjì nà ṣánṣán, ló bá gba abẹ́ ọkọ̀ lọ. Ọmọ oṣù 7 ni. Àtikékeré, bí wọ́n bá ti ní "máa bọ̀", ṣéènì ni, tàbí omi ìwẹ̀, tàbí pàṣán nítorí bàtà tó jẹ.

A pa "máa bọ̀" tì, a mú fèrè ike tí kò gbọ́ rí. Ẹ̀dọ̀ màlúù bíbọ̀ ni oúnjẹ, kò sí ata, kò sì gbọdọ̀ sí àlùbọ́sà níbẹ̀ rárá, torí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Kí ẹyọ kan má ju hóró ẹ̀wà lọ. Bó bá tóbi, ajá á yó kí ẹ̀kọ́ tó wọ̀ ọ́ lórí.

Abẹ́ ọkọ̀ náà ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ̀dọ̀ balẹ̀ níwájú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1. Ẹ ṣe é bíi ìgbà 10 sí 15, kó parí. Fèrè ṣáájú, ọwọ́ tẹ̀lé e. Ibí lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: ọwọ́ á ti wọ àpò kí fèrè tó dún, ajá á wá máa ṣọ́ àpò, fèrè á di ariwo lásán. Ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ yìí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kọ́. Ohun tí Ivan Pavlov ará Rọ́ṣíà, tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1904 lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà, rí lára àwọn ajá rẹ̀ náà nìyẹn: itọ́ ti ń dà kí oúnjẹ tó dé.

Bí orí rẹ̀ bá ti ń yí wìì sí fèrè, ẹ sún sẹ́yìn ìṣísẹ̀ 2, kó di 5. Ìṣẹ́jú 3 sí 5 ti tó lẹ́ẹ̀kan, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó tó jẹun. Ní pápá, okùn mítà 10, tí a so mọ́ bẹ́líìtì àyà. Bó bá jẹ́ ọrùn ni, ọ̀fun ló máa jìyà nígbà tó bá sáré dé òpin okùn. Ẹ má fi okùn fà á wá o. Kó má baà kó sábẹ́ ọ̀kadà la ṣe so ó.

Bí kò bá wá, ẹ má fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta; ibẹ̀ jìnnà jù fún un, ẹ padà sún mọ́ ọn. Ẹ má sì lé e. Eré ni lójú rẹ̀, ẹsẹ̀ 4 ló sì ní. Bó bá dé, ẹ rọra di bẹ́líìtì rẹ̀ mú, ẹ fún un lẹ́dọ̀, kí ẹ tú u sílẹ̀ kó padà lọ ṣeré.

Bó bá ń lá ètè láìsí oúnjẹ, tó ń yán láìrorun, tó kọjú sí ògiri, ẹ ṣíwọ́. Bó bá kùn, ẹ má nà án: ìkìlọ̀ ni. Ajá tí wọ́n nà títí tí kò fi kùn mọ́, eyín ló kàn.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó jáde síbi fèrè, òun pẹ̀lú ọ́ìlì dúdú lẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wẹ̀ ẹ́ lónìí.