Odù wà ní ilé kẹrin

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ti mú iná dé, mo sì fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ òní sílẹ̀ kí oorun tó gbé mi lọ.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń ṣe pátákó iṣẹ́ kan sínú Access, ètò kọ̀ǹpútà Microsoft tí wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀, fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Sábó, níbí ní Ìkòròdú. Kì í ṣe pátákó onígi o, ojú kọ̀ǹpútà ló wà. Ilé márùn-ún tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, aṣọ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀, bí iṣẹ́ bá sì ṣe ń lọ ni káàdì ń kúrò nílé kan bọ́ sí èkejì. Ó Wọlé. Gígé. Orí Máṣíìnì. Òkúta àti Bọ́tìnì. Ó Ti Ṣetán. Mo pè wọ́n ní ilé torí pé ayò ọlọ́pọ́n ló wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi bíró yà á sórí bébà.

Ìwé ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, epo máṣíìnì sì ti rin ín dé àárín. Ìwọ̀n ara oníbàárà wà nínú rẹ̀, iye tó san wà níbẹ̀, gbèsè tó kù wà níbẹ̀. Ibi tí aṣọ dé ni kò sí níbẹ̀, àfi nínú orí ẹ̀gbọ́n mi. Bí ẹnì kan bá pè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, aṣọ mi ńkọ́?”, ẹ̀gbọ́n mi á kígbe sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò.

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe gba odindi òpin ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ mi. Mo ṣe table márùn-ún, ìyẹn àtẹ tí àkọsílẹ̀ ń wà, ọ̀kan fún ilé kọ̀ọ̀kan. Bí aṣọ bá kúrò ní Gígé, mo ní láti da ẹ̀dà rẹ̀ sínú table Orí Máṣíìnì, kí n tó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Lọ́jọ́ kan, iná lọ láàárín méjèèjì, bátìrì láptọ́ọ̀pù mi kò sì lágbára mọ́. Nígbà tí mo tún tàn án, bùbá léèsì kan ṣoṣo wà nílé méjì. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kò yẹ kí aṣọ kúrò nínú table rárá. Table kan ni gbogbo iṣẹ́ yóò wà, nọ́ńbà ilé ló máa ń yí padà, láti 1 dé 5. Query márùn-ún ń ṣa iṣẹ́ jáde látinú table kan náà, subform márùn-ún, ìyẹn fèrèsé kéékèèké, sì ń fi wọ́n hàn lórí form kan, ojú ìwé tí à ń wò.

Kò rọrùn láti fi máòsì wọ́ káàdì láti subform kan sínú òmíràn nínú Access, torí náà mo fi bọ́tìnì ọfà sára káàdì kọ̀ọ̀kan. Tí o bá tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà ilé á fi ọ̀kan lé sí i, ilé tí káàdì kúrò àti ilé tó wọ̀ á sì ṣe Requery, ìyẹn ni pé wọ́n á tún iṣẹ́ wọn ṣà látinú table. Ṣùgbọ́n Requery a máa gbé èèyàn padà sórí káàdì àkọ́kọ́, ó sì ń da àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rú nígbà tí káàdì bá pọ̀. Mo wá jẹ́ kó fi nọ́ńbà iṣẹ́ náà sọ́kàn kó tó ṣe é, kó sì tún un wá lẹ́yìn náà. Àwọ̀ kò fún mi ní wàhálà: káàdì tó ku ọjọ́ méjì á di yẹ́lò, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá á di pupa. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé kà ló kọ́kọ́ pè mí: “Bùrọ̀dá, mẹ́ta ti pupa lọ́wọ́ mi.” Inú mi dùn débi pé mo dìde dúró.

Òní ni mo tò ó tán pátápátá fún wọn. Káàdì 3 péré ló wà Lórí Máṣíìnì. Nílé kẹrin, 14. Nínú ayò, odù là ń pe ilé tí ọmọ rẹ̀ bá pé méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ni ín a sì máa yangàn. Nínú ṣọ́ọ̀bù, aṣọ tí a ṣì jẹ oníbàárà ni. Gbogbo ìgbà yìí, àwọn ọmọ tó ń rán lórí máṣíìnì la ń bá wí pé wọ́n ń fi iṣẹ́ ṣeré, nígbà tó jẹ́ pé Ìyá Ìbejì nìkan ló ń lẹ òkúta, tó ń gán bọ́tìnì. Ẹ̀gbọ́n mi wo ojú kọ̀ǹpútà títí. Ó ní, “Ṣé ọwọ́ ẹnì kan ni gbogbo èyí ń dúró dè?” Ó kọjú sí àwọn ọmọ náà, ó ní kí wọ́n má bínú. Mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀bù.

Kanban ni àwọn ará Japan ń pe irú pátákó yìí. Taiichi Ohno, onímọ̀ ẹ̀rọ kan, ló gbé ètò tó wà nídìí rẹ̀ kalẹ̀ ní Toyota lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ara supermarket àwọn ará Amẹ́ríkà ló sì ti rí ọgbọ́n rẹ̀: èyí tí oníbàárà bá mú kúrò lórí pẹpẹ ni wọ́n ń fi òmíràn rọ́pò. Ìyá oníbúrẹ́dì iwájú wa kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wá fi ààlà sí ilé kẹrin, 6. DCount, irinṣẹ́ ìkà inú Access, á kọ́kọ́ ka iye tó wà níbẹ̀. Tó bá ti kún, ọfà ilé kẹta kò ní gbà. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́: “Ṣé kí máṣíìnì wá dákẹ́ ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó dákẹ́ díẹ̀, kí ẹni tó jókòó tì í lọ bá Ìyá Ìbejì lẹ òkúta.

Ní agogo mẹ́rin, méjì nínú wọn fa àga sún mọ́ ọn. Ó fi bí wọ́n ṣe ń kán gọ́ọ̀mù hàn wọ́n, ẹ̀kán kan bí orí ìṣáná, kí wọ́n fi igi ìtayín gbé òkúta lé e, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi gbẹ. Káàdì obìnrin kan tó máa wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀bùté láàárọ̀ ọ̀la wà lára àwọn tó pupa. Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló wá tẹ ọfà rẹ̀.

Kí n tó pa láptọ́ọ̀pù, mo da ẹ̀dà rẹ̀ sórí fláàṣì, mo sì tún ilé kẹrin kà. Ó ku 11.