Ìka bàbá mi sọ̀rọ̀ lónìí

Ó di ọjọ́ kẹsàn-án lónìí tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá mi. Apá òsì ọpọlọ ló kọlù, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ sísọ ń gbé lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwa ọmọ wá ń pariwo sí wọn létí. Ẹ jọ̀ọ́, etí wọn ò di, làákàyè wọn ò sì lọ síbì kankan.

Lónìí ni obìnrin tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ jókòó síwájú wọn, ó pa tẹlifíṣọ̀n. "Bàbá, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ tẹ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì. Ṣé ibì kan ń dùn yín?"

Ó dákẹ́. Mo fẹ́ bá wọn dáhùn, ó ṣẹ́jú sí mi. Ó pẹ́ gan-an kí ọwọ́ òsì wọn tó mì. Ẹ̀ẹ̀kan. Ó gbé àwòrán ara èèyàn síwájú wọn, wọ́n fi ìka tọ́ èjìká ọ̀tún.

Èjìká tá a ti ń fà tá a bá fẹ́ gbé wọn dìde! Wọ́n á kérora, àwa á ní "ẹ pẹ̀lẹ́." Nígbà tá a ki ìrọ̀rí sábẹ́ apá náà, omi bọ́ lójú wọn. Ó bọ́ lójú tèmi náà.