Àyẹ̀wò ọdún 2024: oṣù kẹta nìkan ni mo rántí

Ẹ má bi mí ohun tí mo ṣe ní oṣù kìíní tàbí oṣù kẹjọ. Mo ṣiṣẹ́, mo jẹun, iná lọ, iná dé. Oṣù kẹta ló gba gbogbo ọdún mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ 14 oṣù náà ni àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já lẹ́bàá Abidjan, tí àwa ará Agbowó ń na fóònù sókè kiri títì. Nẹ́tíwọ̀kì ò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa tí ìròyìn ọjọ́ 20 fi dé: ilé-iṣẹ́ tó ni Redis, sọ́fítíwíà tí àwọn ìkànnì àti áàpù fi ń pa dátà mọ́ kí wọ́n lè tètè rí i mú, ti pààrọ̀ láísẹ́ǹsì rẹ̀ (òfin tó sọ bí èèyàn ṣe lè lo kóòdù náà). Láti 2009 tí Salvatore Sanfilippo ti gbé e jáde, BSD ló wà lórí rẹ̀: gbà á, tún un ṣe, tà á bó bá wù ọ́. Láti ẹ̀dà 7.4, ó di RSALv2 àti SSPL, láísẹ́ǹsì méjì tó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òfin wọn lọ́dún 2024 yẹn ni pé ẹni tó bá fẹ́ máa fi í ṣòwò lórí kíláòdù (kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi háyà lórí íntánẹ́ẹ̀tì), kó lọ bá wọn ṣàdéhùn, tàbí kó tú gbogbo kóòdù tó fi ń ṣòwò náà síta.

Ẹ̀gbọ́n Mọ́kọ́lá, ọ̀gá mi nídìí kọ̀ǹpútà, gbè sẹ́yìn ilé-iṣẹ́ náà. Nídìí àmàlà ní Bódìjà, wọ́n ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń fi iṣẹ́ oníṣẹ́ pawó rẹpẹtẹ. Òótọ́ wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Àmọ́ òṣìṣẹ́ Amazon àti Alibaba wà lára àwọn tó ń tọ́jú kóòdù yẹn! Ẹ pe ọ̀wẹ̀, ará àdúgbò bá yín ro oko, ìkórè dé, ẹ ṣọgbà yí i ká. Ẹ̀gbọ́n ní ọmọdé ń ṣe mí. Ọbẹ̀ tutù.

Nígbà tó di ọjọ́ 28, Linux Foundation, àjọ tó ń bójú tó kóòdù ọ̀fẹ́, kéde Valkey, ìyẹn kóòdù Redis àtijọ́ tí wọ́n ń bá lọ lábẹ́ láísẹ́ǹsì BSD, tí AWS (ẹ̀ka kíláòdù Amazon), Google Cloud, Oracle, Ericsson àti Snap tì lẹ́yìn. Mo bá wọn dá sí i. Iṣẹ́ ribiribi tí mo ṣe nìyí: mo ń yọ orúkọ Redis kúrò nínú àwọn àlàyé, mo ń fi Valkey sí i. Nígbà tí ẹ̀dà 8.0 fi jáde ní oṣù kẹsàn-án, àwọn ọ̀jáfáfá ti mú kó yára sí i. Èmi ti tún sípẹ́lì ṣe. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo fi han ìyá wa, wọ́n ní: "Owó ńkọ́?"

Oṣù kẹwàá ni Ẹ̀gbọ́n lọ sí Jámánì. Ẹnu ẹlòmíì ni mo ti gbọ́. Àwọn ló kọ́ mi ní Linux, orí kọ̀ǹpútà tiwọn ni mo ti kọ́kọ́ tẹ kóòdù. Ó dáa, wáyà ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò sì ní rí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó máa wọ̀ lọ́hùn-ún.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ yẹ iṣẹ́ mi wò láìfi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àti aládùúgbò tó ń jẹ́ kí n fa iná jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Ní oṣù kejìlá, Sanfilippo kéde pé òun ti padà sí Redis. Nígbà náà, mi ò tíì gbọkàn lé e pé láísẹ́ǹsì á yí padà o, àmọ́ mò ń fojú kan wò ó. Mo fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n.

Lẹ́yìn ọdún 2024 yìí, kóòdù gidi ni mo fẹ́ kọ, ní èdè C tí wọ́n fi kọ Valkey. Ẹni tí ì bá kọ́ mi ò sí nílé. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ní Ìbàdàn, tí ò ní gbowó, kó bá mi sọ̀rọ̀. Àmàlà wà.