Ẹ Fún Màálù Lómi Kí Ẹ Tó Yìnbọn: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Ìtàn Cowboy

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kọ ìtàn cowboy, àwọn darandaran Amẹ́ríkà ayé àtijọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́dún yìí ni ẹ̀tọ́ ìwé mi àkọ́kọ́ padà sọ́wọ́ mi, lẹ́yìn tí ilé ìtẹ̀wé kan ní Amẹ́ríkà níbí ti jókòó lé e, wọn ò tà á, wọn ò sì jẹ́ kí n tà á. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ní ó tó gẹ́ẹ́, kí n wá sọ tẹnu mi. Ìdí kejì ni àwọn ìtàn tẹ́ ẹ ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹ má bínú, torí mo fẹ́ràn yín ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ẹ mọ̀wé kọ, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń dá ìtàn dúró síbi tí òǹkàwé ò fi ní lè sùn, mi ò ní máa kọ́ yín nìyẹn. Màálù lẹ ò mọ̀.

Ó sì ń yà mí lẹ́nu, torí ibi tí màálù ti ń dínà mọ́tò lọ̀pọ̀ nínú yín dàgbà sí. Ẹ ti rí Fúlàní tó ń da ẹran lọ jẹ́jẹ́, tó gbé ọ̀pá kọ́ èjìká, tí gbogbo hóònù tí dírẹ́bà ń tẹ̀ ò kàn án. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti jókòó ti kọ̀ǹpútà báyìí, ẹ ó ní 3,000 màálù ń sáré láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ìbọn ń dún lẹ́yìn wọn.

Àkọ́kọ́, màálù kì í sáré lọ sọ́jà. Ẹran tí wọ́n fẹ́ tà gbọ́dọ̀ sanra dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ rà á, tó bá ń sáré, ó ń rù nìyẹn, owó sì ń lọ. Máìlì 10 sí 15 ni wọ́n ń rìn lóòjọ́, wọ́n á máa jẹ koríko lọ lójú ọ̀nà, láti gúúsù Texas dé Kansas lè gbà wọ́n tó oṣù méjì sí mẹ́ta. Ènìyàn bíi 10 sí 12 ló ń da 2,500 sí 3,000 màálù. Àwọn tó mọṣẹ́ jù wà níwájú, wọ́n ń darí agbo, àwọn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, àwọn tó kù wà lẹ́yìn pátápátá níbi tí eruku pọ̀ sí, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń kó síbẹ̀. Aláásè á ti gbé kẹ̀kẹ́ oúnjẹ síwájú lọ, ọmọ kan á sì máa tọ́jú ẹṣin, torí ẹnìkan lè ní ẹṣin mẹ́fà sí mẹ́wàá tó ń pààrọ̀. Ẹṣin kan ṣoṣo ò lè gbé akọni yín dé Kansas, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo wàhálà yìí, dọ́là 25 sí 40 lóṣù ni.

Èkejì, ẹ mọ ọdún, ẹ mọ ibi. Ẹnìkan fi ìtàn ránṣẹ́ sí mi pé wọ́n da màálù dé Abilene ní Texas lọ́dún 1867. Abilene tí Joseph McCoy, oníṣòwò màálù kan, kọ́ ọgbà màálù sí létí ojú irin lọ́dún 1867, kí rélùwéè lè kó wọn lọ, Kansas ló wà. Ti Texas, 1881 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀, orúkọ ti Kansas náà ni wọ́n sì fún un. Ohun tó gbé wọn lọ sí Kansas náà ṣe pàtàkì: nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí lọ́dún 1865, màálù tí wọ́n ń tà ní bíi dọ́là 4 ní Texas lè pa dọ́là 40 lápá àríwá. Ẹni tí ogun ti sọ di aláìní gbọ́ iye yẹn, ó máa gbéra.

Ẹ tún wo ìjà tó wà lójú ọ̀nà yẹn, tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò kọ rí. Eégbọn wà lára màálù Texas, eégbọn yìí ló ń gbé ibà kiri, àmọ́ ara màálù Texas ti mọ́ ọn, kì í ṣe é ní nǹkan kan. Tí wọ́n bá ti gba ilẹ̀ àgbẹ̀ Missouri tàbí Kansas kọjá, eégbọn á já bọ́ sínú koríko, tó bá ṣe díẹ̀ màálù àgbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àgbẹ̀ á gbé ìbọn dúró sójú ọ̀nà, á ní ẹran yín ló pa tèmi. Ará Texas á ní, wo tèmi dáadáa, ṣé èyí jọ ohun tó ń ṣàìsàn? Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì o. Ọdún 1893 ni Smith àti Kilborne, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, tó gbé ìwádìí jáde pé eégbọn ni, nígbà yẹn Kansas ti ti ilẹ̀kùn mọ́ màálù Texas láti 1885, wáyà ẹlẹ́gùn-ún ti gba gbogbo pápá, iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé. Ìjà tí ẹni méjì ti jàre báyìí wà nílẹ̀, ẹ wá fi sílẹ̀, ẹ lọ ń wá olè tó fi aṣọ bojú.

Ẹ má sì kó gbogbo obìnrin sílé ọtí. Lọ́dún 1873 Margaret Borland da màálù tara ẹ̀ láti Victoria ní Texas dé Wichita ní Kansas, òun àtàwọn ọmọ ẹ̀, Wichita yẹn náà ló kú sí lọ́dún yẹn.

Ẹ̀kẹta ni ewu. Ibí ni mo fẹ́ dúró lé, torí ibí ni ilé ìtẹ̀wé yẹn ti ṣe mí léṣe.

Ohun tó ń pa àwọn ọkùnrin yẹn jù kì í ṣe ìbọn. Odò ni, àrá ni, ẹṣin tó ṣubú lóru ni. Ẹ fojú inú wò ó: agbo ti dùbúlẹ̀, àwọn méjì ló ń ṣọ́ wọn, wọ́n ń yí po lórí ẹṣin, ọ̀kan gba ọ̀tún, ọ̀kan gba òsì, wọ́n ń kọrin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kí màálù lè mọ̀ pé ènìyàn ló ń bọ̀ nínú òkùnkùn. Orin ìjọ, orin yòówù, ohùn ni màálù ń fẹ́. Mànàmáná kan kọ, gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, eré àsápajúdé. O ò ríwájú, o ò mọ ibi tí ihò wà nílẹ̀, iṣẹ́ ẹ sì ni pé kó o sáré bá àwọn tó wà níwájú pátápátá, kó o máa tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí agbo á fi máa yí lójú kan bí ọlọ. Tí ẹṣin ẹ bá fẹsẹ̀ kó sínú ihò, ìwọ ló wà níwájú wọn yẹn.

Òùngbẹ sì burú ju ìyẹn lọ. Lọ́dún 1866, Charles Goodnight àti Oliver Loving, àwọn olówó màálù méjì ní Texas, kó 2,000 màálù jáde láti Fort Belknap ní Texas pẹ̀lú ọkùnrin 18. Fort Sumner ní New Mexico ni wọ́n ń lọ, ìjọba ti kó àwọn Navajo, ẹ̀yà kan lára àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, sé mọ́ ibẹ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, wọn ò sì rí ẹran tó fún wọn jẹ. Goodnight àti Loving ò fẹ́ gba àárín ilẹ̀ àwọn Comanche, ẹ̀yà onílẹ̀ míì tó ń bá wọn jà, wọ́n wá yí gba gúúsù. Láti odò Concho dé odò Pecos níbi tí wọ́n ń pè ní Horsehead Crossing, nǹkan bí máìlì 80 sí 100, kò sí ẹ̀kán omi. Wọ́n rìn ín tọ̀sántòru. Ahọ́n màálù yọ síta. Ọmọ màálù tí wọ́n bá bí lójú ọ̀nà, pípa ni wọ́n ń pa á láàárọ̀ torí kò lè bá agbo rìn, ìyá ẹ̀ á sì fẹ́ padà lọ wá a, ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa lé e síwájú. (Nígbà tó yá, Goodnight dọ́gbọ́n sí i, ó ń kó àwọn ọmọ màálù sínú kẹ̀kẹ́, àpò kọ̀ọ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí òórùn wọn má dàpọ̀, kí ìyá lè dá tiẹ̀ mọ̀ lálẹ́.) Nígbà tí àwọn tó lágbára gbóòórùn Pecos, kò sẹ́ni tó lè dá wọn dúró mọ́, wọ́n ya wọ inú odò láti etí òkè, wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, àwọn kan rì sínú iyanrìn, àwọn míì mu omi adágún oníyọ̀ tó wà nítòsí, wọ́n kú. Wọ́n pàdánù ẹran ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n dé Fort Sumner, ìjọba ra akọ wọn ní sẹ́ǹtì 8 fún pọ́n-ùn kan, wọ́n gba 12,000 dọ́là.

Ìrìn yẹn ni gbogbo ìwé mi dúró lé. Mo lọ síbẹ̀. Odò náà ti fà gan-an báyìí, mo fọwọ́ bu omi ẹ̀ tọ́ wò, iyọ̀ ni. Mo kọ ọ́ débi pé òùngbẹ ń gbẹ èmi náà tí mo bá ń kà á. Ẹni tó sì ń gun ẹṣin iwájú nínú ìwé náà, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni, torí pé Bose Ikard wà láyé lóòótọ́. Wọ́n bí i sóko ẹrú ní Mississippi, ọdún 1866 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ ẹ̀ sì ni Goodnight máa ń kó owó màálù sí. Nígbà tó kú lọ́dún 1929, Goodnight fúnra ẹ̀ ló ra òkúta sójú oórì ẹ̀ ní Weatherford ní Texas, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún mẹ́rin ló fi bá òun ṣiṣẹ́, pé kò sá fún iṣẹ́ rí, pé ó bá wọn kojú àwọn Comanche nígbà mẹ́ta. Àwọn onímọ̀ ìtàn sì máa ń sọ pé nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin àwọn darandaran Texas ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú.

Ẹ́dítọ̀ tí ilé ìtẹ̀wé fún mi sọ pé òǹkàwé ò ní gbà á gbọ́. Ó ní kí n sọ ọ́ di aláásè. Mo fi fọ́tò òkúta yẹn ránṣẹ́ sí i. Ó ní ìtàn àròsọ la ń ṣe, a ò ṣe ìwé ìtàn. Ó tún ní orí ìrìn àìlómi gùn jù, kò sí ìjà níbẹ̀. Mo ní Andy Adams da màálù fúnra ẹ̀, ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1903, The Log of a Cowboy, iṣẹ́ ló kún inú ẹ̀ látòkèdélẹ̀, títí dòní wọ́n ṣì ń kà á. Wọ́n ní kò burú, wọ́n á fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́ o. Nígbà tí ìwé jáde, máìlì 80 ti di ìpínrọ̀ kan, màálù mumi, wọ́n tún rìn síwájú lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìjà ìbọn tí mi ò kọ wà níbẹ̀. Ọkùnrin mi ń ro ẹ̀wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́.

Mo gbé ìwé náà lọ sílùú kékeré kan lápá ìwọ̀ oòrùn Texas, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Bàbá kan dé, ọwọ́ ẹ̀ le bí igi, ó ṣí i, ó kà díẹ̀ lórí ìdúró. Ó wá bi mí léèrè jẹ́jẹ́ pé láàárín Concho àti Pecos, ibo ni wọ́n ti fún ẹran wọ̀nyí lómi? Orúkọ mi ló wà lára ìwé. Kí ni mo fẹ́ sọ, pé ẹlòmíì ló kọ ọ́? Ó pa á dé, ó tò ó padà sórí àwọn yòókù, ó sì fọwọ́ tún etí wọn ṣe kó gún. Kò bínú rárá. Ìyẹn ló dùn mí jù, mi ò tíì dárí ji ilé ìtẹ̀wé yẹn, mi ò sì ní ṣe bí ẹni tó ti dárí jì wọ́n.

Torí náà tí wọ́n bá gbé àdéhùn wá, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ta ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí ohun tí wọ́n máa tẹ̀. Tó bá jẹ́ àwọn nìkan, ẹ ní kí wọ́n yí i kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀, pé àwọn ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọn ò bá kọ ọ́, ẹ gbé ìwé yín. Ìgbà tẹ́ ò bá mọ màálù ni wọ́n ń rí yín yí, torí ẹ ò ní mọ ohun tí wọ́n gé kúrò.

Mò ń dá orí Pecos padà sáyè ẹ̀ báyìí, ọkùnrin yẹn ti padà sórí ẹṣin iwájú. Ẹni tó bá tún fẹ́ fi tiẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kó kọ ọ́ sókè pátápátá: ọdún wo, màálù mélòó, ènìyàn mélòó, odò wo ni wọ́n ti mumi kẹ́yìn, èwo ló kàn, máìlì mélòó ló wà láàárín méjèèjì. Kó wá fi orí tí wọ́n ti sọdá odò ránṣẹ́ ṣáájú. Ti ìbọn lè dúró dìgbà míì.