Àyẹ̀wò Ọdún 2025: Ohun Tí Mo Yí Padà àti Ohun Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lára Pikọ́ọ̀pù Píjò 504 Mi

Bí ọdún 2025 ṣe ń kógbá sílé, mo jókòó láti ṣírò iṣẹ́ kan tí ó gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ Sátidé mi àti ìdá ńlá nínú owó tí ó yẹ kí n fi pamọ́, ìyẹn àtúnṣe pikọ́ọ̀pù Píjò 504 tí mo gbé kalẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ náà ti ń rìn. Ó ti gbé mi lọ sí Ìṣẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù, ó sì gbé mi bọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni tì í. Kí n tó tú nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ ni mo ti fi òfin kan lélẹ̀, òun náà ni mo sì fẹ́ fi wọn gbogbo ohun tí mo ṣe: ohunkóhun tí mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ṣakí kò bá lè tú palẹ̀, kí ó sì tò padà pẹ̀lú irinṣẹ́ inú àpótí rẹ̀, kò gbọdọ̀ wọ inú ọkọ̀ yìí.

Ẹni tí kò bá ìgbà Píjò 504 láyé lè rò pé òfin náà le jù. Ilẹ̀ Faransé ni ọkọ̀ náà ti jáde ní 1968, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Ọkọ̀ Ọdún ti Yúróòpù ní 1969, ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ Píjò tó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní 1975 ni ó tó di ọkọ̀ tiwa. Ọ̀gá ìjọba ń gùn ún, onímọ́tò ń fi èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn kó èrò láti Ìbàdàn lọ sí Èkó, àgbẹ̀ àti oníṣòwò sì ń lo pikọ́ọ̀pù rẹ̀, èyí tí Píjò gbé jáde ní 1979. Ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì pikọ́ọ̀pù yìí kò yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ Kàdúná, ìdí nìyẹn tí a fi ṣì ń rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà ní Àràròmí ní Géètì n'Ìbàdàn àti ní Ládípọ̀ ní Mushin, nígbà mìíràn nínú páálí tí eruku ti bò. Ìyì ọkọ̀ yìí lójú tèmi ni pé ọwọ́ púpọ̀ mọ̀ ọ́n. Bí mo bá wá tún un ṣe débi pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó lè fọwọ́ kàn án, mo ti ba ohun tí mo rà jẹ́ nìyẹn, bí ó tilẹ̀ ń dán gbinrin.

Ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí a ń kó ẹrù sí, ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Aládìyẹ ni ẹni tí ó tà á fún mi, ọkọ̀ náà sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ìgbẹ́ adìyẹ lọ fún àwọn olóko ẹ̀fọ́. N kò mọ ẹrù mìíràn tí ń jẹ irin tó o, nítorí ìgbẹ́ adìyẹ máa ń mú omi dání, ammonia àti iyọ̀ inú rẹ̀ a sì máa ṣiṣẹ́ lórí irin lọ́sàn-án lóru, pàápàá ní àwọn igun tí ṣọ́bìrì kò lè dé láti kó o kúrò. Nígbà tí a ṣí irin àtẹ̀bò tí wọ́n fi bo ilẹ̀ rẹ̀ kúrò, a rí i pé ilẹ̀ gan-an ti di asẹ́. Irin ìdábùú tí ó gbé e dúró ti jẹ tán lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ ṣaasí, ìyẹn egungun irin tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn méjèèjì àti ibi tí bátìrì ń jókòó lé sì ti dógùn-ún. Ṣaasí fúnra rẹ̀ le koko, èyí ni ó jẹ́ kí n ní ìgboyà láti tẹ̀ síwájú. Ká ní ṣaasí ni ìpáàrà ti jẹ, ǹ bá ti tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù, kí n sì gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Èmi ni mo ń gé irin tó ti bàjẹ́ títí tí mo fi dé ibi tí irin ti funfun, mo sì ń fi ẹ̀rọ lọ etí rẹ̀; ọ̀gá kan tí ó ti ń kan ojú ọkọ̀ láti ìgbà tí Píjò wọ̀nyí ṣì wà ní tuntun ni ó ń bá mi jó tuntun mọ́ ọn. Irin pẹlẹbẹ géèjì 18 ni a rà. Gáàsì kábáídì ni ọ̀gá náà ń lò, irin tínínrín bẹ́ẹ̀ kì í sì í fara da iná púpọ̀: bí a bá jó o lọ gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan, yóò ká kò, kò sì ní tẹ́ mọ́. Nítorí náà, ó ń fi iná kàn án ní ẹyọ-ẹyọ, ó ń fo láti etí kan sí èkejì, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì ń fi aṣọ tútù tẹ̀lé e láti mú ooru rẹ̀ kúrò. Ọmọ iṣẹ́ yìí, tí sùúrù rẹ̀ kò tó ti ọ̀gá rẹ̀, ni ó wojú mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká fi pọ́tì dí àwọn ihò kéékèèké wọ̀nyí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Ọ̀gá rẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Omi á mọ̀," ni ó wí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Pọ́tì ní ìwúlò tirẹ̀, a sì lò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti mú ojú ilẹ̀kùn tẹ́ lẹ́yìn tí a ti kàn án tán. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a fi í rọ́pò irin, nítorí ó máa ń fa omi mu, ìpáàrà abẹ́ rẹ̀ yóò sì máa tàn kálẹ̀ láìsí ẹni tí ó rí i, títí tí odidi rẹ̀ yóò fi ṣí bọ́ sílẹ̀.

Ẹ́ńjìnì tí mo bá nínú rẹ̀ ni èyí tí Píjò ń pè ní XN1, oníbẹntiróòlù, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1971 cc. Ẹni tí ó ṣe ẹ́ńjìnì yìí ro ti àwọn tí yóò tún un ṣe. Láínà mẹ́rin, ìyẹn ọ̀pá oníhò tí písítìn ń lọ sókè-sódò nínú rẹ̀, ni ó wà nínú búlọ́ọ̀kù onírin rẹ̀, omi ń yí wọn ká tààrà, a sì lè fà wọ́n yọ. Bí ẹ́ńjìnì bá ti jẹ, kò di dandan kí a gbé búlọ́ọ̀kù lọ sí ọ̀dọ̀ tọ́nà kí ó gbẹ́ ihò rẹ̀ tóbi sí i. A ó ra láínà pẹ̀lú písítìn tuntun, a ó fa ti àtijọ́ jáde, a ó ki tuntun bọ̀ ọ́, a sì lè ṣe gbogbo rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Àmọ́ ó ní èèwọ̀ tirẹ̀. Láínà gbọ́dọ̀ yọrí díẹ̀ ju ojú búlọ́ọ̀kù lọ kí tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì lè di í mú dáadáa, bí a bá sì ti ṣí tọ́ọ̀pù sílíńdà, ìyẹn ìdérí orí ẹ́ńjìnì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí ẹ́ńjìnì láìjẹ́ pé a ti fi nǹkan de àwọn láínà náà mọ́lẹ̀, nítorí wọn yóò gbéra sókè, ohun tí ń dí omi ní ìsàlẹ̀ wọn yóò sì bàjẹ́.

Tọ́ọ̀pù sílíńdà ni kò ṣeé gbà là. Alumíníọ̀mù ni, omi lásán ni wọ́n sì ti ń bù sí ráídétọ̀ ọkọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí a ti ń ṣe káàkiri ilẹ̀ yìí, omi náà sì ti jẹ etí àwọn ihò tí ó ń gbà kọjá. Wọ́n ti fá ojú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí, kò sì sí ohun tí ó kù tí ẹnikẹ́ni lè tún fá. Òmíràn ni mo rà ní Àràròmí, láti ara ọkọ̀ tí wọ́n ti tú palẹ̀, a sì yẹ ojú rẹ̀ wò pẹ̀lú rúlà onírin kí n tó sanwó. Láti ìgbà náà, omi ráídétọ̀ tí ó ní èròjà tí ń dènà ìpáàrà nìkan ni mo ń lò. Àlàfo fáàfù ni mo dì fúnra mi, nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù: mìlímítà 0.10 fún fáàfù tí ń gba atẹ́gùn àti epo wọlé, 0.25 fún èyí tí ń tú èéfín jáde.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì yìí ni ó fa àwọn olùdámọ̀ràn wá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yọ ọ́ dànù, kí n gbé ẹ́ńjìnì Toyota tókunbọ̀ tó ní bíréèn-bọ́ọ̀kìsì, kọ̀ǹpútà tí ń darí ẹ́ńjìnì, sí i. Kò sọ̀rọ̀ asán, nítorí láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní 2023, ẹni tí ń gun ọkọ̀ oníkábúrétọ̀ mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí nílé epo. Àbúrò mi sì dábàá gáàsì CNG, tí a ń lò dípò epo bẹntiróòlù. Ṣùgbọ́n táńkì gáàsì yóò gba lára àyè tí ẹrù yẹ kí ó wà, n kò sì tíì rí ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ ní ọ̀nà Òkè-Ògùn tí mo ń gbà. Ní ti bíréèn-bọ́ọ̀kìsì, ọjọ́ tí ó bá kú sí ọ̀nà Ìgànná ni yóò yé ẹni tó gbé e sí i pé ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ibẹ̀ kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi kọ́ńtáàtì àtijọ́, èyí tí ń já iná tí ó sì ń so ó pọ̀ kí pílọ́ọ̀gì lè ṣáná, sílẹ̀ bí ó ti wà, mo sì di àlàfo rẹ̀ sí mìlímítà 0.40. Ó máa ń jẹ, ó sì máa ń fẹ́ kí a yẹ òun wò lóòrèkóòrè, ṣùgbọ́n èkejì rẹ̀ àti kọ̀ndẹ́ńsà kan wà nínú àpò ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni tó bá ní irinṣẹ́ kékeré lọ́wọ́ sì lè pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun tí mo gbà láti yí padà ni iná. Ọ́tánétọ̀ àtijọ́, ẹ̀rọ tí ń pèsè iná fún ọkọ̀, kò lágbára tó fún iná tí a nílò lójú ọ̀nà òde òní, mo sì fi ti Toyota rọ́pò rẹ̀, nítorí kò sí rìwáyà kan tí kò mọ̀ ọ́n. A fi rìléè, ìtanná kékeré tí ń gbé iná ńlá, sí iná iwájú méjèèjì, kí iná tí ó pọ̀ má baà máa gba inú ọ̀pá ìtanná tí ó wà lára síárìn kọjá, èyí tí ó ti yọ́ díẹ̀ nígbà tí mo rà á. Rìléè kò wọ́n, gbogbo ìgboro ni a ti ń tà á.

Níbi bíréèkì ni mo ti fi òfin mi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀yìn ọkọ̀ tí a ń fi kó ẹrù máa ń wúwo lónìí, ó sì máa ń fúyẹ́ lọ́la, ìdí nìyí tí Píjò fi so fáàfù kan mọ́ bíréèkì ẹ̀yìn, èyí tí ń wo bí ẹ̀yìn ọkọ̀ ti tẹ̀ tó kí ó tó jẹ́ kí agbára bíréèkì dé àwọn táyà ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń yọ ọ́ sọnù, wọn yóò sì fi páìpù kan rọ́pò rẹ̀; irú ohun tí mo bá lára tèmi nìyẹn, apá irin rẹ̀ nìkan ni ó kù. Ọkọ̀ tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún dára nígbà tí ó bá ru ẹrù, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀yìn bá ṣófo tí òjò sì rọ̀, táyà ẹ̀yìn yóò dì, ẹ̀yìn yóò sì fẹ́ gba iwájú lọ. Mo wá fáàfù náà títí mo fi rí i ní Ládípọ̀. Mo mọ̀ pé bí ó bá bàjẹ́, mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan lè tún yọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó lè pa ènìyàn kò sí lára ohun tí mo fẹ́ fi òfin ìrọ̀rùn díwọ̀n.

Kíkùn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀dà sẹ́lúlóòsì ni mo lò, ìgbà tí a sì ń fín in ṣe pàtàkì ju ẹni tí ń fín in lọ. Nígbà òjò, bí tínà tí a fi po ọ̀dà ṣe ń gbẹ ni ó ń mú ojú irin tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ yóò sì bà lé e, ọ̀dà náà yóò wá funfun ràndànràndàn. Bí ọyẹ́ bá sì ti dé, eruku ni. Àlàfo tó wà láàárín òjò àti ọyẹ́ ni a mú. Àwọ̀ funfun tí ó wà nínú ìwé ọkọ̀ ni mo fi kùn ún, nítorí ẹni tí ó bá yí àwọ̀ ọkọ̀ padà gbọ́dọ̀ lọ sọ ọ́ fún àwọn tí ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, n kò sì rí ìdí tí mo fi máa wá ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ fún ara mi.

Ọ̀ṣọ́ tí mo ṣe sí i kò pọ̀. Mo fi pákó ìrókò tẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn, pẹ̀lú àlàfo láàárín wọn kí omi lè máa ṣàn lọ, a sì lè tú pákó kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Irin ìgbé-tapólì tí mo rí lórí irú ọkọ̀ yìí ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, wù mí, mo sì ní kí wẹ́dà tẹ irú rẹ̀ fún mi. Bẹ́líìtì ìjókòó tuntun wà fún awakọ̀ àti ẹni tó jókòó tì í. Awẹ́ sípíríǹgì tí ẹnì kan ti fi kún ti ẹ̀yìn kí ó lè ru ẹrù àrùjù ni mo yọ kúrò, egungun ẹ̀yìn mi sì mọ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ní ti owó, irin àti jíjó irin ni ó kó èyí tí ó pọ̀ jù, ó ju ti ẹ́ńjìnì lọ, gbogbo àpapọ̀ rẹ̀ sì ju iye tí mo ra ọkọ̀ lọ dáadáa. Ìyá Ayọ̀ ti bi mí léèrè bóyá owó yìí kò ní ra ọkọ̀ tókunbọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Yóò rà á. N kò bá a jiyàn.

Jíà ni ó kù. Jíà kejì máa ń han nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra láàárọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti sọ fún mi pé kí n lọ tú u. Ọ̀gá tí ń tún jíà ṣe ní Géètì kọ́kọ́ bi mí irú epo tí ó wà nínú rẹ̀, nítorí epo ẹ́ńjìnì ni Píjò ní kí a máa dà sínú jíà 504, kì í ṣe epo jíà tí ó ki, èyí tí ó máa ń mú kí ìpààrọ̀ jíà le. A ó fa èyí tó wà nínú rẹ̀ dànù ní oṣù kìíní, a ó da epo ẹ́ńjìnì sí i, a ó sì fi í rìn fún ìgbà díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tú nọ́ọ̀tì kankan.